Wọ́n wá yẹ ikọ́ fée wò lára màlúù mi ní Ọ̀dà: iṣẹ́ wọn dára, àmọ́ ó kù síbì kan

Màlúù mẹ́sàn-án ni mo ní. Wọn kò sí nínú ọgbà ilé mi. Ọ̀dọ̀ Bàbá Gáà ni wọ́n wà, lójú ọ̀nà Ọ̀dà, níbi tí ilé Àkúrẹ́ ti ń tán lọ tí oko kòkó sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2009 tí mo ti ra abo méjì àkọ́kọ́ ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń bá mi tọ́jú wọn. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Báyọ́lọ́jì ni mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Owó màlúù wọ̀nyí ni mo fi rán àbíkẹ́yìn mi lọ sí FUTA. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ pé òṣìṣẹ́ mi ni Bàbá Gáà. Èèyàn mi ni. Ìyá Tíṣà ni gbogbo gáà ń pè mí.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, àwọn dókítà ẹran kan tí mo pè wá yẹ àwọn màlúù náà wò bóyá ikọ́ fée wà lára wọn. Iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ bí mo ṣe rí i. N kò ní dárúkọ ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, torí ẹjọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ mi, wọn kò sì sí níbí láti wí tẹnu wọn. Ẹni tó bá ní ẹran ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó lè béèrè irú àyẹ̀wò yìí lọ́wọ́ dókítà tirẹ̀.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà ọyẹ́, abo kan tí à ń pè ní Adúmáadán bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ láàárọ̀. Ikọ́ náà kò pọ̀. Bí wọ́n bá ti lé e dìde, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, á sì dákẹ́. Ó ń jẹ koríko, ó ń mu omi, síbẹ̀ egungun ìhà rẹ̀ ti ń ṣeé kà. A fún un ní oògùn aràn, kò yí padà. A ní ọyẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀, kí ọyẹ́ tó wọlé ni Bàbá Gáà fúnra rẹ̀ ti ń húkọ́, tó ń ra oògùn ikọ́ olómi lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, tó ń fi àgbo tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ kan mo jókòó lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀. Ó wúkọ́, ó fi etí aṣọ bo ẹnu. Kò tíì mú aṣọ kúrò lẹ́nu tí Adúmáadán náà fi wúkọ́ lẹ́yìn ògiri.

Àyà mi já. Mo ní, "Bàbá, ikọ́ yìí ti tó ìgbà wo?"

Ó ní, "Ìyá Tíṣà, ó ti wọ oṣù kẹta."

Mo bi í bóyá ó ń làágùn lóru. Ó wò mí títí, ó wá bi mí pé ta ló sọ fún mi.

Èmi tí mò ń kọ ọ́ sí pátákó lọ́dọọdún! Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882 ni Robert Koch, dókítà ará Jámánì kan, dìde ní Berlin, tó fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kòkòrò àìfojúrí kan ló ń fa ikọ́ fée, àti pé ọjọ́ yẹn náà ni gbogbo ayé fi ń ṣe àyájọ́ ikọ́ fée dòní. Mo tún máa ń fi kún un pé ẹni ńlá náà ṣì í sọ lẹ́yìn ìgbà yẹn: ní London, lọ́dún 1901, ó ní irú ti màlúù kò fi bẹ́ẹ̀ léwu fún èèyàn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lọ́dún kan náà láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, nígbà tó fi máa di 1911 ìgbìmọ̀ yẹn ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń ran èèyàn, àwọn ọmọdé tó ń mu mílíìkì màlúù ni ó sì ń bá jà jù. Mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní gbogbo èyí, mo fi ṣe ìbéèrè ìdánwò, n kò fìgbà kan rí ronú kan Bàbá Gáà tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹní tó ń sùn lé àti imú màlúù mi. Ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Àwọn dókítà náà jẹ́ méjì, ọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ọmọbìnrin náà ló gbé fóònù. Kò kọ́kọ́ dá owó lé mi. Ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀. "Mà, mélòó ni wọ́n? Èwo ló bímọ láìpẹ́ nínú wọn? Ṣé ẹ ti ra èyíkéyìí wọlé láti ìta?" Mo ní kí ló kan ìbímọ nínú ọ̀rọ̀ ikọ́. Ó ní abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lè gbé àìsàn náà sára kí ara rẹ̀ má sì dáhùn sí abẹ́rẹ́ àyẹ̀wò, ẹni tí kò bá béèrè yóò wò ó, yóò ní ara rẹ̀ dá. Ọkàn mi balẹ̀ sí i níbẹ̀. Ní ti ìbéèrè kẹta, ó gún mi. Mo ra Adúmáadán wọlé láti ọjà màlúù ní ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn. Mo wo eyín rẹ̀, mo wo ọmú rẹ̀, mo sanwó, ó sùn láàárín àwọn yòókù lálẹ́ ọjọ́ náà.

₦7,000 ni wọ́n gbà lórí màlúù kọ̀ọ̀kan, ₦15,000 fún ọkọ̀ ìgbà méjì, àpapọ̀ ₦78,000. Owó gidi ni fún ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Síbẹ̀, bí mo ṣe gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n ń ta abo kan lọ́jà báyìí, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. N kò ní ẹjọ́ lórí owó.

Ibi tí mo ti ní ẹjọ́ àkọ́kọ́ ni dídúró. Oògùn abẹ́rẹ́ náà kò sí ní Àkúrẹ́, ẹ̀yìn odi ló ti ń wá, inú òtútù ló sì gbọ́dọ̀ wà láti ibi tó ti kúrò títí dé ọrùn màlúù. Ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ààbọ̀ ni a fi dúró, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè wọ́n, wọn kò pè mí lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí èèyàn ń dúró de ọ̀rọ̀ bí irú èyí, gbogbo ikọ́ tó bá gbọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Kí wọ́n ṣáà pè, kí wọ́n ní kò tíì dé.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n wá. Aago méje ni wọ́n dá, wọ́n dé ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 15, oòrùn sì ti ń mú. Wọ́n ti ní kí a fi ọparun ṣe ọ̀nà tóóró kan tí màlúù yóò máa gbà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan tí kò ní lè yí ara padà. Àwọn ọmọ Bàbá Gáà ti ṣe é láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó sì dúró dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ náà bí mo ṣe rí i, torí mo dúró tì wọ́n láti màlúù àkọ́kọ́ dé ìkẹsàn-án. Wọ́n fá irun ibi méjì ní ọrùn màlúù, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí àtẹ́lẹwọ́ kan wà láàárín wọn. Wọ́n fi ìka ṣẹ́ awọ níbẹ̀ pọ̀, wọ́n fi irin ìwọn kan tó rí bí ẹ̀mú wọn bí ó ti nípọn sí ní mìlímítà, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé lábẹ́ orúkọ ẹran. Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ méjì: èyí òkè láti ara irú kòkòrò tó ń mú ẹyẹ, èyí ìsàlẹ̀ láti ara irú tó ń mú màlúù. 0.1 milílítà péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú awọ gan-an, kì í ṣe nínú ẹran. Ọmọbìnrin náà máa ń fi ìka tẹ ojú ibẹ̀ lẹ́yìn tó bá gún un. Bí kókó kékeré bí ẹ̀wà kò bá sí lábẹ́ awọ, ó ti mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ti jìn jù, á tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún un ṣe lójú mi, kò sì fi pamọ́.

Mo bi í ìdí tó fi jẹ́ méjì. Ó ní àwọn kòkòrò mìíràn wà nínú ilẹ̀ àti lára ẹyẹ tí wọ́n jẹ́ ìbátan èyí tó ń fa ikọ́ fée, tí màlúù bá ti bá wọn pàdé rí, ọrùn rẹ̀ lè wú sí abẹ́rẹ́ ti màlúù bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ dá. Bí wọ́n bá fi ìwú òkè wé ìwú ìsàlẹ̀ ni wọ́n á tó mọ èyí tí ara ẹran náà ń bá jà. Láìsí ìyẹn, màlúù tí kò ṣe nǹkan kan á lọ sí ọ̀dọ̀ alápatà.

Ohun kan tó wú mi lórí ni bí ó ṣe bá Bàbá Gáà sọ̀rọ̀. Bàbá ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ ní agbègbè yìí, Yorùbá Àkúrẹ́ ló ń sọ. Àwọn òṣìṣẹ́ kan á wá, wọ́n á máa gba orí rẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ bíi pé kò sí níjòókòó. Ọmọbìnrin yìí lóṣòó níwájú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, títí di Ọjọ́bọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ ra ọrùn wọn, ẹ má fi òrí pa á, ẹ má fi omi gbígbóná sí i. Bó bá wú, ẹ fi í sílẹ̀. Wíwú yẹn ni èmi ń wá." Bàbá ní kó fi ojú ibẹ̀ han òun dáadáa, ó sì fi hàn án.

Wákàtí 72 ni wọ́n máa ń fún un. Ní Ọjọ́bọ̀ wọ́n dé lákòókò. Àmọ́ láti Ọjọ́rú ni mo ti mọ ti Adúmáadán, torí Bàbá Gáà pè mí lálẹ́ pé ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ ti yọ bí àgbálùmọ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n: òkè kúrò ní mìlímítà 7 bọ́ sí 9, ìsàlẹ̀ kúrò ní 7 bọ́ sí 20. Mo ti mú ìwé àti báírò tèmi lọ, mo yọ ọ́ fúnra mi. Méjì kúrò nínú mẹ́tàlá, mọ́kànlá. Ohun tó bá ti ju mẹ́rin lọ, àìsàn náà ni wọ́n kà á sí. Abo kejì tí à ń pè ní Olóòlà ní ìyàtọ̀ mẹ́ta, ìyẹn wà lágbedeméjì, kò ṣeé dá lẹ́bi, kò ṣeé dá láre. A óò ya á sọ́tọ̀, a óò tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọjọ́ 42. Ọrùn àwọn méje yòókù tẹ́ pẹrẹsẹ. Dókítà ọkùnrin náà gbé irin ìwọn náà fún mi kí n fọwọ́ ara mi wọn ti màlúù tó kẹ́yìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn.

Wọ́n tún yẹ ilé ẹran náà wò, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ ohun tí n kò mọ̀. Lẹ́yìn tí ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe òfin tó dá ìdaran ní gbangba dúró ní ọdún 2021, àwa náà mọ ọgbà, a ń gé koríko wá fún wọn. Mo fara mọ́ òfin náà, ó ti jẹ́ kí àwa àti àwọn olóko àyíká wa máa kí ara wa. Ṣùgbọ́n bí a ṣe kọ́ ilé ẹran náà kò dára. Torí olè, a gbé búlọ́ọ̀kù dé abẹ́ páànù, ihò kékeré méjì la dá sí i. Màlúù mẹ́sàn-án ń mí sí ara wọn nínú rẹ̀ láti alẹ́ dé òwúrọ̀, inú ọpọ́n kan náà ni wọ́n ti ń jẹ, inú agbada kan náà ni wọ́n ti ń mu. Ikọ́ fée, inú èémí ló ń gbà lọ jù láàárín màlúù, ilé tí kò ní atẹ́gùn ló sì ń bá a ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí a yọ ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́ta kúrò lókè ní ìhà méjèèjì, kí a fi wáyà dí i. A ti ṣe é. Wọ́n ní kí Bàbá Gáà gbé ẹní rẹ̀ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ẹran. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé e kúrò kí wọ́n tó wọ ọkọ̀.

Wọ́n wá di ẹrù wọn. Ẹ gbọ́ mi o, ibí ni ẹjọ́ mi tó tóbi jù wà. Bàbá Gáà wúkọ́ lójú wọn lọ́jọ́ Ajé, ó wúkọ́ lójú wọn ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti rí ikọ́ fée lára màlúù tó ń fọwọ́ fún, kò sì sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan nínú àwọn méjèèjì. Mo ní, "Dókítà, Bàbá yìí ńkọ́?" Ọkùnrin náà ní, "Mà, ẹran ni iṣẹ́ tiwa." Kò fi sọ ọ́ láti rí mi fín. Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ fún un nìyẹn. Ìwé èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì ni láti òkè délẹ̀, òfin tó yẹ kí Bàbá máa tẹ̀ lé lójoojúmọ́ wà nínú ìwé tí kò lè kà. Èmi ni mo jókòó tí mo kà á fún un lẹ́sẹẹsẹ.

Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn ni fóònù mi dún. Ọmọbìnrin náà ni. Ó ní, "Mà, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ Bàbá yẹn kò kúrò lọ́kàn mi." Ó ní kí n mú un lọ sí ọsibítù ìjọba láàárọ̀, kí n sì rí i pé mo sọ ọ̀rọ̀ màlúù níbẹ̀, kí n má dúró de ìgbà tí wọn yóò béèrè. Ó ní oògùn mẹ́rin ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ikọ́ fée, ọ̀kan nínú mẹ́rin náà, tó ń jẹ́ pyrazinamide, kì í pa irú ti màlúù rárá. Dókítà tó bá mọ̀ pé ọ̀dọ̀ màlúù ló ti wá lè fa ọjọ́ ìtọ́jú gùn sí i. Mo bi í ṣé Adúmáadán ló kó o ran Bàbá. Ó ní òun kò lè búra, torí irú ti èèyàn náà máa ń ran màlúù nígbà mìíràn. Ó lè jẹ́ pé màlúù tí mo rà ló gbé e wọ gáà. Ó sì lè jẹ́ pé Bàbá ló wúkọ́ sí i lára. Ìpè yẹn ṣe mí láǹfààní ju gbogbo ohun tó wà nínú risíìtì wọn lọ, ọ̀fẹ́ ló sì ṣe é, láti inú àánú ara rẹ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n tọ́jú wa dáadáa. Wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Bàbá, wọ́n ki í bọ ẹ̀rọ, ọjọ́ kejì wọ́n ní ikọ́ fée ni, àti pé rifampicin, ọ̀kan nínú oògùn mẹ́rin yẹn, ṣì lè pa kòkòrò náà. Ìtọ́jú oṣù mẹ́fà, ọ̀fẹ́ ni, láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó ń kà mí, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù owó dá a dúró. Àmọ́ ohun tí mo rí lọ́dọ̀ dókítà ẹran ni mo tún rí níbẹ̀ láti apá kejì. Orúkọ, ọjọ́ orí, àdírẹ́sì, iṣẹ́. Bàbá ní darandaran ni òun, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kan nínú màlúù tó ń tọ́jú ti ní in." Òṣìṣẹ́ tó jókòó níbẹ̀ ní, "Màmá, ikọ́ fée ni ikọ́ fée." Ẹ̀rọ wọn á sọ pé ikọ́ fée wà, kò lè sọ bóyá ti èèyàn ni tàbí ti màlúù, yàrá àyẹ̀wò ńlá ló ń ṣe ìyẹn. Mo dúró síbẹ̀. N kò pariwo, n kò kúrò. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbọ́ wa láti ẹ̀gbẹ́ mú báírò, ó kọ ọ́ sí etí káàdì Bàbá pé ó ń bá màlúù tó ní àìsàn náà gbé, ó ní dókítà gbọ́dọ̀ rí i kí oṣù kejì tó pé.

Nọ́ọ̀sì yẹn náà ló ní kí gbogbo ará ilé wá. Ọmọ-ọmọ Bàbá kan, ọmọ ọdún mẹ́rin, ní kókó kan lọ́rùn tí kò dùn ún, ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà òjò. Wọ́n wo apá òsì rẹ̀, kò sí àpá BCG, abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ fée. Gáà ni wọ́n ti bí i, kò sí ẹni tó gbé e lọ sí ibi àjẹsára. Bẹ́ẹ̀, láti ara kòkòrò ti màlúù gan-an ni àwọn onímọ̀ méjì, Calmette àti Guérin, ti ṣe abẹ́rẹ́ yẹn ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n ń tún un gbìn ní ìgbà 230 láti 1908 dé 1921 títí agbára rẹ̀ fi rọ̀ tí kò lè pa ọmọ mọ́. Ọmọ tó ń mu mílíìkì màlúù láti orí igbá lójoojúmọ́ ni kò rí i gbà. Wọ́n ṣì ń yẹ kókó náà wò.

Ní ti Adúmáadán, àwọn dókítà ẹran ní kí a má ṣe tọ́jú rẹ̀, kí a pa á, wọ́n sì dákẹ́ síbẹ̀. Alápatà kan ti gbọ́, ó wá bá mi nílé, ó ní òun á gbà á ní ìdajì owó, òun á pa á lóru, òun á yọ fùkù dànù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo ní kó máa lọ. Ibi ìpẹran ìjọba ni mo gbé e lọ, níbi tí ẹni tó ń yẹ ẹran wò wà. Ó la fùkù rẹ̀ níwájú mi. Kókó funfun tó pọ́n díẹ̀ kún inú rẹ̀, ó dì bí wàrà gbígbẹ, nígbà tí ọ̀bẹ sì kàn án ó ń dún bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Kò tíì dé ẹ̀dọ̀, kò tíì dé ibòmíràn, torí náà wọ́n gba ẹran ara rẹ̀ láàyè, wọ́n gé fùkù àti àwọn kókó àyíká rẹ̀ sọ́tọ̀. Kò ì tíì bọ́ sílẹ̀ tí ọmọkùnrin kan fi dé ẹ̀gbẹ́ mi tó ń bi mí iye tí màá ta fùkù náà. Mo dúró títí wọ́n fi da kẹrosíìnì sí i tí wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn fùkù lórí ìrẹsì, ẹ bi alápatà yín ní òntẹ̀. Ká ní ọ̀kan nínú àwọn dókítà wa bá mi dé ibẹ̀ ni, tàbí kó tiẹ̀ sọ ibi tí mo máa gbé e lọ, alápatà òru yẹn ì bá má bá mi nílé rárá. Owó tó wọlé fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí iye tí mo fi rà á, kò sì sí ẹni tó san án padà.

Ibi tí iṣẹ́ wọn ti so èso jù ni ìkòkò Ìyá Gáà. Òun ló ń ta wàrà àti nọ́nọ̀ ní Ọjà Ọba àti ní Ṣáṣá. Wàrà kò ní wàhálà púpọ̀, wọ́n máa ń sè é pẹ̀lú omi ewé bọmubọmu kó tó dì. Nọ́nọ̀ ni ìṣòro, láti ọmú ni, inú igbá ni, ó dì fúnra rẹ̀, iná kò kàn án. Ọdún 15 ni mo ti ń mu ún pẹ̀lú fùrá níbẹ̀. Ọmọbìnrin dókítà náà ní bí mílíìkì bá gbóná dé ìwọ̀n 63°C lórí irin ìwọn-ooru fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí 72 fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kòkòrò náà ti kú. Ìyá Gáà kò ní irin ìwọn-ooru, ó ní iná igi. Torí náà a ní kó hó.

Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní mílíìkì tó bá ti hó kì í dì mọ́, òórùn rẹ̀ á yàtọ̀, àwọn oníbàárà á sá. Òótọ́ ló sọ, ti àkọ́kọ́ kò dì. Mo pe ọmọbìnrin náà, ó ní iná ti pa ohun tó ń mú un dì pọ̀ mọ́ ohun tó ń pani, ìwúkàrà tuntun la máa fi sí i, kì í sì í ṣe nọ́nọ̀ àná tí a kò sè. A ra yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà. A jẹ́ kí mílíìkì náà hó, a bò ó títí ìka fi lè dúró nínú rẹ̀, a po ṣíbí yógọ́ọ̀tì mẹ́ta mọ́ ọn, a fi aṣọ wé ìkòkò náà lóru. Láàárọ̀ ó ti dì mọ́ ara wọn dáadáa, ó sì kan. Láti ìgbà náà, inú ti àná ló ti ń bu ìwúkàrà ti òní, torí èyí tó ti hó ni. Oníbàárà rẹ̀ kan ní Ṣáṣá bi í bóyá ó ti pààrọ̀ màlúù, torí ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Máàkì tí mo fún wọn jẹ́ 7 nínú 10. Wọ́n mọ iṣẹ́, ọwọ́ wọn mọ́, wọ́n bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń da ẹran, wọ́n sì gbà kí oníbàárà rí ohun tí wọ́n ń kọ. Mo yọ ọ̀kan fún fóònù tí wọn kò pè àti aago méje tó di mẹ́jọ kọjá. Mo yọ méjì fún ọ̀rọ̀ èèyàn. Bí ọmọbìnrin yẹn kò bá pè mí lálẹ́, mẹ́rin ni màá fún wọn, torí màá ti ya màlúù aláìsàn sọ́tọ̀, màá sì ti fi darandaran aláìsàn sílẹ̀ láàárín àwọn mẹ́jọ tó kù.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ọjọ́ 42 Olóòlà yóò ti pé, wọ́n ń padà bọ̀ wá gún un. Ọmọ rẹ̀ kì í mu ọmú rẹ̀ mọ́, a ń fi mílíìkì tó ti hó bọ́ ọ nínú ike. Bàbá Gáà ti lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó ní òun ti ń sùn mọ́jú. Mo ti bẹ nọ́ọ̀sì yẹn kó wá sí gáà lọ́jọ́ kan náà, kí òun àti ọmọbìnrin dókítà náà lè rí ara wọn, kí wọ́n sì jọ wo ilé ẹran àti ilé èèyàn. Ó ní òun ti gba àyè. Mo ti bá oníkẹ̀kẹ́ kan sọ̀rọ̀ pé kó gbé e ní aago méje àárọ̀, níwájú géètì ọsibítù, mo sì ti sanwó àlọ àti àbọ̀.